Ilé Tí Erin Kò Lè Wọ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó jáde nínú ìlú, ó dé ẹ̀yìn odi, ó bá obìnrin kan tó dúró níwájú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀."

"Kí ló ń wá, Ìyá Àgbà?" Fọlárìn ló bèèrè, Ìyá Àgbà ò tí ì jókòó dáadáa sórí àpótí rẹ̀.

"Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ẹ ó mọ̀."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé àdúgbò kan náà, opó kan wà tó ń jẹ́ Ayọ̀ká. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ilé yàrá mẹ́jọ sílẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ọ̀nà jíjìn. Òun nìkan ló kù pẹ̀lú yàrá mẹ́jọ tó ń jò.

Bí òjò bá ti ṣú, Ayọ̀ká á ká ẹní rẹ̀. Yàrá kìíní ń jò, á bọ́ sí ìkejì. Ìkejì ń jò, á bọ́ sí ìkẹta. Títí ilẹ̀ á fi mọ́, orí ìdúró ló wà.

"Bíi yàrá tiwa," Mọ́rẹ̀nikẹ́ sọ.

"Ẹyọ kan ni tiwa," Fọlárìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. "Ibo la fẹ́ bọ́ sí?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ni Ayọ̀ká ń fẹ́ láyé: ilé kékeré, yàrá méjì péré, tó lágbára, tí òun á lè sùn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Ó ń rò ó nídìí ààrò. Ó ń rò ó lọ́nà odò. Nígbà mìíràn á fi igi fa ilà rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀: ibí lẹnu ọ̀nà, ibí ni fèrèsé, ibí ni màá tẹ́ ẹní sí. Adìyẹ á rìn kọjá, á fẹsẹ̀ pa á rẹ́. Ayọ̀ká á tún un fà.

Ó bá tọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ, alágàta tó ń báni wá ilé ní ẹ̀yìn odi.

"Màmá, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ bọ́ sí!" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mú un dé iwájú ilé funfun ńlá kan. "Yàrá mẹ́wàá! Ẹ wo bó ṣe fẹ̀!"

"Ọmọ mi, yàrá méjì ni mo fẹ́."

"Kò sí yàrá méjì níbí, Màmá. Òfin Baálẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ọmọ, Erin ni Baálẹ̀ ẹ̀yìn odi. Ó ti ṣòfin pé ilé tí òun Erin kò bá lè wọ̀, kí òun sì yí padà nínú rẹ̀, kì í ṣe ilé. Wíwó ni kí wọ́n wó o. Nítorí náà, ilé ńláńlá nìkan ni wọ́n ń kọ́. Òkété pàápàá ń gbé ilé tí erin lè jó nínú rẹ̀!

Ayọ̀ká kò wo fífẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ògiri, ó kọrin. Ẹ gbè é:

Ilé tí mò ń wá kò tóbi,
*Wọlé, jókòó!*
Kó ṣáà gbà mí, kó gba ẹní mi,
*Wọlé, jókòó!*
Kí ògiri rẹ̀ má bẹ̀rù òjò,
*Wọlé, jókòó!*

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ẹfun bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ihò sì yọ lára ògiri. Ó yọjú níbẹ̀, ó rí ewúrẹ́ tó ń jẹko lódìkejì.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí lèyí?"

"Fèrèsé ni, Màmá. Kí atẹ́gùn lè máa wọlé."

"Irọ́ o!" gbogbo àwọn ọmọ pariwo.

"Iṣẹ́ ògiri mímọ ni bàbá mi ṣe títí ó fi kú," Ayọ̀ká sọ. "Amọ̀ yàrá méjì lẹ nà dé yàrá mẹ́wàá. Ẹ ò sì jẹ́ kí ipele kan gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé òmíràn lé e."

Wọ́n lọ sí ilé kejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta, bákan náà. Ilé méje! Nígbà tó fi máa dé iwájú ìkeje, ohùn orin rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

Bó ṣe ń padà lọ, ó rí Ikán létí odò, tó ń fi ẹnu po amọ̀. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọ̀gán tí Ikán kọ́. Ó tì í. Kò mì.

"Ikán, jọ̀ọ́, bá mi kọ́ yàrá méjì."

"Erin á wó o, Ìyá."

"Èmi ni n ó dá Erin lóhùn."

Ikán ní, "Mi ò lè kánjú o. Ipele kan, ọjọ́ márùn-ún. Bẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe kíá, màá pa á tì."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró. Ṣe é bó ṣe yẹ. Àmọ́ igi òrùlé mi ńkọ́?"

"Ẹ wá ẹlòmíràn sí ti igi, Ìyá. Mi ò fọkàn tán ara mi níbẹ̀."

Ipele kan, ọjọ́ márùn-ún. Ipele kan, ọjọ́ márùn-ún. Nítòsí ilé funfun tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ́kọ́ fi hàn án, Ayọ̀ká ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀, Ikán ń mọ ọ́n. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á kọjá, á ní, "Màmá, ṣé adìyẹ lẹ̀ ń kọ́lé fún ni?" Ayọ̀ká á máa tẹ amọ̀ rẹ̀ lọ.

Ayọ̀ká wá gbẹ́nàgbẹ́nà sí ti igi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bo òrùlé tán, Erin dé. Gbì! Gbì! Gbì! Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń sá tẹ̀ lé e, àwọn ará ẹ̀yìn odi sì jáde wá wòran.

"Ta ló gbé àpótí yìí sórí ilẹ̀ mi?"

"Ilé mi ni, Baálẹ̀." Ayọ̀ká dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò lè wọ̀ ọ́!"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sùn níbẹ̀, Baálẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi ara yín wọn ilé mi?"

"Òfin ni!"

"Ta ni òfin náà ṣe lóore? Òkété rèé. Ilé ńlá tẹ́ ẹ ní kó gbé wó lé e lórí lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ sùn síta nínú òjò. Baálẹ̀, ẹ fi orí ti ilé mi. Bó bá wó, màá lọ. Bí kò bá wó, ẹ fagi lé òfin yẹn."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní ilé mìíràn tó lè sùn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ òjò.

Erin fi orí tì í. Kò mì. Ó sún sẹ́yìn, ó sáré wá, ó tún tì í. Eruku díẹ̀ bọ́. Kò mì.

Ó rẹ Erin. Ó fara ti ilé funfun Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó wà nítòsí, kó lè mí díẹ̀. Gbìràmù! Yàrá mẹ́wàá wó lulẹ̀. Erin ṣubú sínú ẹfun, ó funfun láti orí dé ìrù. Nígbà tó fi máa dìde, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti wọ igbó lọ.

Kò sẹ́ni tó dá a láṣà láti rẹ́rìn-ín. Erin wo àwókù, ó wo ilé kékeré.

"Ẹni tó bá fẹ́ yàrá méjì," ó ní, "kó kọ́ yàrá méjì." Ó gbọn ara rẹ̀, ó lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, òjò àkọ́rọ̀ dé, tòun ti ìjì. Nínú gbogbo ilé ńláńlá, wọ́n ń ká ẹní.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Òkété kanlẹ̀kùn Ayọ̀ká, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn ń gbọ̀n. Ayọ̀ká ṣílẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ nu oorun lójú. Ó rí àgbàlá tó kún fún omi.

"Òkété," ó ní, "ìgbà wo lòjò rọ̀?"

Ó mú wọn wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, tí Ikán sì mọ tiwọn.

Ẹ̀kọ́ àlọ́ mi ni pé ilé tó dára kì í ṣe ilé tó tóbi, ilé tó gbani lọ́wọ́ òjò ni. Òfin tí alágbára bá sì fi ara rẹ̀ nìkan wọ̀n, ẹ má bẹ̀rù láti dúró sẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ sọ pé kò dáa.

Ibi tí mo mọ àlọ́ mi dé rèé. Bí irọ́ ni mo fi pò ó, kó wó lé mi lórí. Bí òótọ́ bá ni, ẹ bá mi bo òrùlé rẹ̀!

"A ti bò ó, Ìyá Àgbà!"