Àwẹ̀ró àti Ìgbákọ Agboolé Láwọyin

"Ààlọ́ o!" Ìyá Àgbà ké sí àwọn ọmọ tó jókòó yí i ká lórí ẹní.

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò sókè, ó já sínú ìkòkò ọbẹ̀."

"Kí ló bá níbẹ̀?"

"Adìyẹ ni."

Ní ìgbà kan rí, ìyàwó kan wà ní agboolé Láwọyin tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó sin adìyẹ kan, ó bọ́ ọ, ó pa á, ó sè é. Nígbà tí wọ́n pín in, èékánná ẹsẹ̀ adìyẹ ni wọ́n fún un.

"Èékánná nìkan, Ìyá Àgbà?" Bọ́sẹ̀dé béèrè.

"Èékánná mẹ́ta. Ìkẹrin ti jábọ́ sínú iná."

Baálé Láwọyin, àgbà ilé náà, mú iwe àti itan méjèèjì. Àbúrò rẹ̀ mú àyà, ó sì fi ìdí lé e. Ọkọ Àwẹ̀ró ló kéré jù nínú àwọn ọkùnrin. Ọrùn ni tirẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má gba ìyẹn náà, ló ṣe dákẹ́. Àwọn ọmọdé fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀kọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, nítorí ọwọ́ Baálé ni ìgbákọ wà.

Àwẹ̀ró wo èékánná mẹ́ta náà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi, láti òní lọ, ẹran ti di èèwọ̀ mi."

Àbúrò Baálé gbé ojú sókè. Àwẹ̀ró kò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, nítorí náà ó ti sọ ọkùnrin yìí ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́dán, torí pé epo ẹran kì í gbẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé oríkì ni.

"Èèwọ̀ wo ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán?" ni Ẹ̀rẹ̀kẹ́dán wí.

Baálé rẹ́rìn-ín títí iwe fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. "Ìyàwó, wàá gbẹ bíi pánlá."

"Tí n kò bá gbẹ ńkọ́, bàbá mi?"

Baálé nàka sí ẹ̀gbà idẹ tó wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. "Kí oṣù mẹ́ta lé. Bí ẹ̀gbà yìí bá jábọ́ lọ́wọ́ rẹ, èékánná ni wàá máa jẹ títí ayé, a ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìpín lẹ́nu rẹ mọ́. Bí kò bá jábọ́, ìwọ ni kí o máa mú ìgbákọ."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀."

Láàárọ̀, Àwẹ̀ró jẹ ẹ̀kọ. Lọ́sàn-án, ó jẹ ẹ̀kọ. Lálẹ́, ó jẹ ẹ̀kọ tó kù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, Ẹ̀rẹ̀kẹ́dán wá yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìyàwó, ju ọwọ́."

Àwẹ̀ró ju ọwọ́. Ẹ̀gbà náà sáré wálẹ̀ dé ìdí ìka rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́dán súfèé padà lọ sílé.

Ni Àwẹ̀ró bá lọ jókòó sẹ́yìnkùlé, ó káwọ́ lérí. Ewúrẹ́ kan dúró níbẹ̀, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu.

"Kí lo ń jẹ láti ọjọ́ yìí?" ewúrẹ́ bi í.

"Ìyá Àgbà, ṣé ewúrẹ́ ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, Bọ́sẹ̀dé. Ìgbà tó rí i pé a kì í dá òun lóhùn ló wá ń ké mèé lásán."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀kọ ni."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú ẹ̀kọ."

Ewúrẹ́ gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "O yọ ẹran kúrò, o ò fi nǹkan kan dí ihò rẹ̀. Èmi tí o ń wò yìí, oríṣi ewé mẹ́tàlá ni mo ti jẹ láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú etí kan lára fìlà Baálé."

"N kò lè jẹ fìlà."

"Ta ló ní kí o jẹ fìlà? Ṣé ẹ̀wà ti tán láyé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àwẹ̀ró létí. Lọ́jọ́ kejì ó se ẹ̀wà, ó fi ẹ̀fọ́ ṣọkọ tì í. Ó fi ẹ̀gúsí àti irú se ọbẹ̀. Ó lọ wá olú lẹ́bàá ọ̀gán, ó yan ẹ̀pà, ó lọ ẹ̀wà fi se mọ́ínmọ́ín, ó ń bó ọsàn jẹ lẹ́yìn oúnjẹ. Òórùn irú gba gbogbo agboolé.

Ìròyìn náà tàn dé ilé adìyẹ pé ìkòkò kan wà tí kò ní ẹran nínú mọ́. Ìyá adìyẹ ló kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ọmọ mẹ́jọ àti ẹrù rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. A gbọ́ pé ìkòkò yín kò mọ̀ wá mọ́."

Pẹ́pẹ́yẹ tẹ̀ lé e. Àkùkọ dé. Ewúrẹ́ náà kó dé, ó ní òun ló dá ìmọ̀ràn. Àgbò ló dé kẹ́yìn, ó sì na ara rẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, torí kò sí àyè nínú yàrá mọ́. Àwẹ̀ró ń kó ìgbẹ́ wọn dà sí ìdí ẹ̀fọ́ rẹ̀ láràárọ̀, ewé ṣọkọ sì fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àlejò dé bá Baálé. Baálé wá sẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró láti mú àkùkọ tí yóò fi ṣe é lálejò.

"Àgò o."

"Kò sí ẹnì kankan nílé," ni àgbò dáhùn.

"Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan."

Àkùkọ sọ láti inú yàrá pé, "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti rìnrìn àjò."

Inú bí Baálé. "Àkùkọ, ta ló ni ọ́?"

"Ẹni tí kò jẹ mí."

Baálé gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Àgbò dìde, ó tẹ orí sílẹ̀. Baálé gbé ẹsẹ̀ náà padà síbi tó ti mú un.

Oṣù kẹta lé. Gbogbo agboolé péjọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́dán kò dán mọ́ rárá. Àwẹ̀ró na ọwọ́, ó gbé orin.

"Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ: Kò jábọ́," ni Ìyá Àgbà wí.

Ẹ̀gbà ọwọ́ mi, ṣé o ó jábọ́?
— Kò jábọ́.
Mo jẹ ẹ̀wà, mo fẹ̀fọ́ tì í,
— Kò jábọ́.
Mo jẹ ẹ̀gúsí, mo jẹ olú ọ̀gán,
— Kò jábọ́.
Ẹni tó fún mi ní èékánná, ẹ wá fà á,
— Kò jábọ́.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́dán di ẹ̀gbà náà mú, ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà á. Ẹ̀gbà kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ó sì fìdí jókòó sínú abọ́ omi pẹ́pẹ́yẹ.

"Ṣé ìjókòó ti tán níta ni?" pẹ́pẹ́yẹ bi í.

Baálé mú ìgbákọ, ó fi lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé, kò lè yí i padà. Ìkòkò ẹ̀wà wà lórí iná. Ebi ń pa àwọn ọkùnrin, wọ́n ń wo ilẹ̀, kálukú ń ro èékánná.

Àwẹ̀ró pe ọmọ tó kéré jù wá síwájú. Ìgbákọ kan. Ó pe èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbákọ kan. Bẹ́ẹ̀ ló bá a lọ, àwọn ìyàwó, ọkọ rẹ̀, Ẹ̀rẹ̀kẹ́dán tí ìdí rẹ̀ ń ro omi, títí ó fi kan Baálé. Baálé yọjú wo abọ́ rẹ̀. Ìgbákọ kan náà ni, ó sì kún.

"Ìyàwó," ó rọra sọ, "ẹran ńkọ́?"

"Bàbá mi, ẹni tó bá fẹ́ ẹran kó lọ bá àgbò sọ ọ́."

"Ìyá Àgbà, ṣé Àwẹ̀ró padà jẹ ẹran?"

"Kò jẹ ẹ́. Ó ní báwo lòun ṣe máa jẹ ẹni tí àwọn jọ ń sùn sí yàrá kan."

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Àwẹ̀ró fọ ìgbákọ. Kò gbé e sókè àjà níbi tí Baálé máa ń fi pamọ́ sí. Ó kan èèkàn kékeré mọ́ ògiri, nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ tó kéré jù nínú agboolé lè tó, ó sì fi kọ́ síbẹ̀.

Ohun tí àlọ́ mi ń kọ́ wa ni pé ẹni tó bá yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, kó fi oúnjẹ gidi dí àyè rẹ̀, ara rẹ̀ á le. Ẹni tó bá sì ń pín nǹkan, kó pín in dọ́gba.

Ibi tí àlọ́ mi gbé ìgbákọ kọ́ nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé já irọ́ mi.

"Mèé," ni ewúrẹ́ wí.

"Ẹ gbọ́ ọ. Ó ní òótọ́ ni."