Láfún Ìyá Àgbà

Ní ìlú olókè kan, Múyìwá àti Àrínọlá aya rẹ̀ ló ń ya fọ́tò fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Lójú Múyìwá, kò sí fọ́tò gidi àfi èyí tí a bá yà lórí òkè. Nígbà tí Mojírọ́lá ń ṣe ìyàwó, ó ní ìyá ìyá òun gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́tò òun.

"Orúnkún mi ò gbé òkè mọ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ máa lọ. Ẹ ó bá mi nídìí láfún mi."

Wọ́n gòkè láìsí i, ìyàwó sì fajú ro. Bí wọ́n ṣe dókè ni kùrukùru bolẹ̀, tí ọkọ ò rí ìyàwó mọ́. Wọ́n bá rọra sọ̀kalẹ̀.

Bí wọ́n ṣe délẹ̀ ni òjò ṣú. Ìyá Àgbà figbe ta lórí àpáta tó sá láfún sí: "Ẹ gbà mí o, láfún mi!"

Ìyàwó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ọkọ bọ́ kóòtù, wọ́n ń kó láfún sínú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà rí ojú ọkọ ìyàwó tó funfun bí ẹfun, ìyá tí kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Àrínọlá tẹ kámẹ́rà.

"Èyí kọ́ la wá yà," ni Múyìwá ń kùn.

"Bàbá Tádé, ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀," ni Àrínọlá dá a lóhùn.

Fọ́tò yẹn ni Mojírọ́lá gbé kọ́ sí pálọ̀. Àwọn ìyàwó tuntun tó rí i kì í bi Múyìwá léèrè ọ̀nà òkè mọ́. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà máa sá láfún ni wọ́n ń béèrè.