Ife Omi Ọnọ́rébù Ládépò

Bí ọ̀rọ̀ ìnáwó ìjọba bá délẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sẹ́ni tẹ́nu rẹ̀ mú tó ti Ọnọ́rébù Ládépò. Òun ló dábàá pé ẹnikẹ́ni tó bá gbowó ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kí àgbà ìlú náà bu omi ibẹ̀ wá, kí onítọ̀hún mu ún níṣojú gbogbo ilé. Wọ́n sọ ọ́ dòfin. Kọmíṣọ́nnà mu tirẹ̀, omi tó pọ́n bí epo. Ládépò pàtẹ́wọ́.

Ló bá kan kànga tí Ládépò fúnra rẹ̀ gbowó gbẹ́ sílùú rẹ̀. Ìyá Àrìnọlá, àgbà àdúgbò náà, rọra gbé ife fún un. Ládépò wonú ife.

"Ìyá, omi dà?"

"Ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ nìyẹn, ọmọ mi."

Ládépò yíjú sí abẹnugan ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Ọnọ́rébù, pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ mu ún."

Ládépò gbé ife òfìfo sẹ́nu, ó ń dá a mì. Kọmíṣọ́nnà pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé ilé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọnọ́rébù ti mu ún tán, kò ṣẹ́ ku ẹ̀kán kan.