Rélùwéè Inú Lẹ́ǹsì

Ọkùnrin ayàwòrán kan wà tó ra lẹ́ǹsì tuntun sí kámẹ́rà rẹ̀. Kámẹ́rà náà jẹ́ irú ti òde òní tí kò wúwo, lẹ́ǹsì náà sì kéré débi pé ó wọ àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, gbogbo yàrá ni yóò wọ inú fọ́tò, títí kan àwọn igun tí ojú ènìyàn kì í rí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń sọ fún ẹni gbogbo pé, "Kò sóhun tí yóò bọ́ mọ́ mi lójú mọ́."

Ohun kan wà tí kò fi ọkàn sí. Lẹ́ǹsì tó bá fẹ̀ báyẹn, kì í gba nǹkan wọlé lásán. Ó ní láti sọ wọ́n di kékeré kí àyè tó gbà wọ́n. Ohun tó bá sì ti kéré, ojú á rò pé ó jìnnà ni.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún kan, ó mú ìyá àti ọmọ lọ sí ojú irin tó gba ẹ̀yìn ìlú kọjá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ya fọ́tò. Ó ní kí ìyàwó gbé ọmọ dúró láàárín irin méjèèjì, kó kọ ẹ̀yìn síbi tí rélùwéè ti ń bọ̀. Òun náà kúnlẹ̀ sójú irin níwájú wọn, ó gbé ojú lé kámẹ́rà. Ó fẹ́ kí rélùwéè hàn lẹ́yìn wọn. Tó bá ti yà á tán, wọn á kúrò lọ́nà.

Fèrè dún.

"Bàbá Ìbíyẹmí, ṣé kò tíì sún mọ́ wa?"

"Ó ṣì jìnnà. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Rẹ́rìn-ín jàre."

Ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ bàtà rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa."

"Èmi ni mo kọjú sí i, ìwọ lo kọ̀yìn sí i. Ta ló yẹ kó mọ̀ nínú wa? Ojo!"

Ìyàwó fún ọmọ mọ́ àyà, ó fò kúrò lójú irin.

Inú bí ọkọ pé wọ́n bọ́ kúrò nínú fọ́tò. Ó gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà kó lè bá a wí. Ìgbà yẹn ló rí rélùwéè bó ṣe rí gan-an. Ó ga bí ilé. Ayàwòrán ju ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, atẹ́gùn ọkọ̀ náà sì gbá a sínú koríko. Ẹsẹ̀ kan bàtà ọmọ wọn ló já bọ́ sójú irin. Wọn ò rí bàtà náà mọ́.

Fọ́tò kan tó ti yà kí ìyàwó tó fò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin yìí náà! Rélùwéè tó wà lọ́hùn-ún rere yìí lẹ̀ ń sá fún?" Ayàwòrán kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kì í fẹ́ wò ó rárá.

Ẹ̀yin ará ilé wa tí a jọ ń pọn omi nínú kànga kan, ẹ̀yin ni mo sọ àkàwé yìí fún. Kànga wa tó wà ní àgbàlá kò ní ìdérí. Mo sọ ọ́, ẹ ní ẹ̀rù ti pọ̀ jù lára èmi ìyá ọmọ, pé ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, kí ló fẹ́ gbé e débẹ̀? Ẹ ní tó bá ti ń rìn, a ó pe káfíńtà. Mi ò sọ pé ẹ ò rí kànga o. Ayàwòrán náà rí rélùwéè. Ojú yín làwọn ọmọ gbẹ́kẹ̀ lé, torí àwọn ò mọ ohun tí wọ́n kọ̀yìn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dúró létí rẹ̀ lónìí, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa.

Láàárọ̀ yìí ni ọmọ mi di ògiri mú, ó sì dìde dúró. Àgbàlá ló kọjú sí.