Bí Ìyùnadé Ṣe Parí Ìtàn Rẹ̀ ní Igbó Àìdàgbà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin ọmọ tí ń gbọ́ràn. Èmi ni Ọdẹ́gbèmí ọmọ Ọdẹ́rìndé, ọmọ a-wọgbó-má-wẹ̀yìn, ọmọ a-rí-ẹkùn-má-ṣẹ́jú. Baba mi pa ẹfọ̀n, baba baba mi lé erin títí erin fi bẹ̀bẹ̀. Ojú mi ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìyùnadé, ọmọ-ọmọ mi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìtàn ni í máa ń kọ. Ó ń kọ nípa ọmọbìnrin kan, Àwẹ̀ró, tí ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hù léjìká bó ti ń dàgbà, tí ìtìjú sì ń pa á. Bó bá ti kọ orí kan tán, á kà á fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn a sì máa gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tó ku orí kan ṣoṣo, ó tọ̀ mí wá.

"Bàbá àgbà, Àwẹ̀ró gbọ́dọ̀ wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dàgbà. N kò lè kọ ohun tí n kò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ."

Mo ní igbó náà burú.

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń retí mi pọ̀ ju ẹ̀rù mi lọ."

Ọmọ tó bá tó ọkọ́, ọkọ́ là ń fún un. Mo gbé ìbọn, ó gbé ìwé rẹ̀, a wọ igbó ní òwúrọ̀ kùtù. A rí Olójúmẹ́fà tó ń fi mẹ́ta sùn, tó ń fi mẹ́ta ṣọ́nà. A rí Elétí-ewé-kókò tó fi etí rẹ̀ bora bí aṣọ òtútù. A rí àwọn iwin onírùngbọ̀n funfun tí wọ́n ṣì ń rákò bí ọmọ ọwọ́. Kòdàgbà ni ọba wọn: ó ga bí ọ̀pẹ, ohùn ìkókó ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó bẹ́ lu ọ̀nà, ó já ìwé náà gbà. Mo yìnbọn, ìbọn kò dún.

"Ọdẹ arúgbó, ìbọn rẹ ti di igi ìdáná!"

"Ìwọ àgbàyà," ni mo dá a lóhùn, "láti ọgọ́rùn-ún ọdún lo ti ń mu ọmú, kò tíì tó ọ?"

Ó kọjú sí Ìyùnadé. "Kọ ọ́ pé ìyẹ́ náà já, pé Àwẹ̀ró padà di ọmọdé títí láé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá jẹ ìwé yìí, màá sì fi ọ́ kún àwọn ọmọ mi."

Ìyùnadé gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Síbẹ̀ ó ní, "N kò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n kà á fún ọ ná, lẹ́yìn náà kí o jẹ ẹ́ bó bá wù ọ́."

Kòdàgbà na ìwé náà sí i, ó sì kà á. Ó ka ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró sá fún un, ó ka ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ rí ìyẹ́ náà tó sì dì mọ́ ọn dípò kó bá a wí. Gbogbo iwin pé jọ, wọ́n ń tẹ́tí. Ibi tí ìwé ti ṣófo ló dúró sí.

Kòdàgbà kígbe pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ìyùnadé jókòó lórí gbòǹgbò igi, ó fa bíró yọ, ó kọ èyí tó kù lójú wa, ó sì kà á sókè: Àwẹ̀ró na ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù nínú, ó fò. Lójijì, iwin onírùngbọ̀n kan dìde lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ìgbésẹ̀ kan, ó ṣubú, ó tún dìde.

Kòdàgbà bú sẹ́kún. "Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ, kí àwọn ọmọ mi tó tán lọ́wọ́ mi!"

Báyìí la ṣe jáde bí akọni. Ìyùnadé ka orí ìkẹyìn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mẹ́ta nínú wọn ti ń kọ tiwọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tó ń wá ọ̀nà àtidàgbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ parí ohun tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kà á sétí ẹlòmíì, nítorí ìtàn tí a kọ pamọ́ sábẹ́ irọ̀rí kò gbé ẹnikẹ́ni dìde rí.