Ìdí Tí Wáyà Àwòrán Fi Kúrú

Nígbà láéláé, kí wáyà tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ó lè nà dé ibikíbi tó bá wù ú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kó máa gbé Àwòrán láti ọ̀dọ̀ Àpótí, tó ń gbà á láti òkèèrè, dé ọ̀dọ̀ Tẹlifíṣọ̀n.

Wáyà kan wà nílé Ìyá Fẹ́hìntọ́lá. Ó fẹ́ràn ìyá yìí ju ara rẹ̀ lọ, nítorí ìyá a máa fi aṣọ rírọ̀ nu eruku ara rẹ̀, a sì máa pè é ní ọmọ mi tẹ́ẹ́rẹ́.

Ìgbà tó yá, orúnkún dá ìyá dúró sí yàrá ẹ̀yìn. Àsìkò yẹn gan-an ni Fẹ́hìntọ́lá bímọ ní òkè òkun, ó sì ránṣẹ́ pé àwọn yóò fi ìkómọjáde hàn lójú Tẹlifíṣọ̀n. Ìyá kò tíì fojú kan ọmọ náà rí. Wáyà búra pé bó gba kí òun nà já gbogbo ilé, ìyá yóò rí i.

Àpótí kò lè kúrò ní pálọ̀, ojú fèrèsé ibẹ̀ ló ti ń gba ìròyìn. Tẹlifíṣọ̀n bá dìde, ó forí lé yàrá ìyá, Wáyà sì ń nà tẹ̀ lé e.

Àwòrán kìlọ̀ fún un pé kó má nà jù, kó má baà rẹ òun lọ́nà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gba eríàlì orí òrùlé wá, eruku ni yóò bò ó, yóò ṣì ní òun dé. Èmi kò mọ ìdajì. Bí n kò bá pé, n kò ní wọlé.”

Wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà pálọ̀, Àwòrán mọ́ kedere. Wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n yí ilé ìdáná po, kò sí àléébù kankan. Wáyà bá ń fi Àwòrán ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni. Kò mọ̀ pé ó ti rẹ ọ̀rẹ́ òun tán, torí àárẹ̀ Àwòrán kì í hàn lójú.

Bí Tẹlifíṣọ̀n ti wọ yàrá, tí bàbá ọmọ sì gbé ọmọ sókè, Àwòrán fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ojú kan wà lókè, etí kan wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn.

Wáyà bú sẹ́kún. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Mo rò pé ìfẹ́ mi á gbé e dé.”

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọmọ mi tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. O ti ṣe tìrẹ. Jẹ́ kí n ṣe tèmi.”

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra dìde. Orúnkún ń kùn, ìyá ń bẹ̀ ẹ́, ó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ. Tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé e, Wáyà sì ń súnkì. Nígbà tí wọ́n fi dé pálọ̀, Wáyà kò gùn ju apá ènìyàn méjì lọ mọ́.

Àwòrán wọlé ní pípé. Iwájú orí olóògbé ọkọ rẹ̀ ni ìyá rí lórí ọmọ jòjòló náà. Ó ki ọmọ títí ohùn rẹ̀ fi há. Wáyà ní bí òun ṣe wà yìí ti tó òun.

Láti ọjọ́ náà ni wáyà àwòrán ti kúrú. Bí ẹ bá fi èyí tó gùn jù sílé, Àwòrán lè máa mọ́ gaara, kó ṣàdédé fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ má gbá Tẹlifíṣọ̀n létí, kò ṣẹ̀ yín. Ẹ kàn fà á sún mọ́ Àpótí, bí ìyá ti fa ara rẹ̀ sún mọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́sí.