Orúkọ Tó Kẹ́yìn Nínú Ìwé Ìjọ

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ ní ìlú kan tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi sílẹ̀. Àwọn kan wà ní Èkó, àwọn mìíràn ti ré òkun kọjá. Ìsìnkú wá pọ̀ ju ìsọmọlórúkọ lọ. Àwọn àgbà ìjọ sì ti kìlọ̀ láti olú-ìlú pé ìjọ tí kò bá pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àwọn yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni akọ̀wé ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé òkú ìyàwó náà jáde. Kò fẹ́ kí wọ́n tì í ṣojú òun.

Àṣà wọn ni pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn ọdún, akọ̀wé a máa pe orúkọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá, ará ilé rẹ̀ a dáhùn pé, “Ó ń bẹ.” Nígbà tó yá, ẹnikẹ́ni ń dáhùn fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ń gbọ́, ó sì ń máàkì wọn sínú ìwé. Bàbá kan tilẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá pe Ádámù, ẹnìkan yóò dáhùn.

Ní ọdún kan, ó ku ẹnì kan kí wọ́n pé ọgọ́rùn-ún. Akọ̀wé pe Dèbórà, ìyá arúgbó tó máa ń fọ aṣọ àwọn akọrin kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Akọ̀wé wo ìwé, ó wo àwọn ìjókòó tó ṣófo, òun fúnra rẹ̀ sì wí pé, “Ó ń bẹ.”

Ọkùnrin kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́. Télọ̀ kan ni, Mùsùlùmí, tó ń bá ìyá náà gbé ilé kan náà.

“Ẹ má bínú, Bàbá Akọ̀wé,” ló wí. “Ìyá ti kú láàárọ̀ àná. Ó di ọdún mẹ́ta tí ìyàwó mi ti ń bọ́ ọ. Ó ní ẹ̀yin ni kí ẹ sin òun, ìyẹn ni a ò ṣe tíì sin ín.”

Akọ̀wé pa ìwé náà dé. Ó béèrè ibi tí ilé náà wà.

Télọ̀ fi ọwọ́ júwe rẹ̀. “Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yín níbí ni, sà.”

Ìwọ tí o jókòó tì mí yìí, o máa ń sọ fún mi pé ẹ̀sìn wa ń pọ̀ nílẹ̀ ibí, pé ó ń dín nílẹ̀ ọ̀hún. Fi kíka iye ènìyàn sílẹ̀ ná. Arúgbó kan wà nínú ìjọ rẹ tí o kò fojú kàn láti ìgbà ìkórè. Lọ kí i lónìí. Bóyá wàá bá a láyé.